Máòsì aláìlówáyà mi ń dúró lójijì: kí ni ó yẹ kí n yẹ̀ wò?

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iṣẹ́ ìwé ìpè àti ìwé ètò ayẹyẹ ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí Ojúde Ọba bá sì ń súnmọ́, iṣẹ́ àwọn régbérégbé a máa kún ọwọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í fẹ́ kí ohunkóhun dá mi dúró. Máòsì aláìlówáyà tí mò ń lò lórí laptop mi ti ń ṣe ségesège báyìí. Ọfà rẹ̀ a dúró gbagidi, a tún fò lọ síbi tí n kò darí rẹ̀ sí, ó sì máa ń burú jù nígbà tí mo bá ń kó àwòrán láti inú háàdì díìsìkì tí mò ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ó tó dáhùn. Mo ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ tún ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn wò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo bátìrì tuntun ni ó lágbára. Èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára, tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 1.5, ni kí ẹ wá. Ẹ wo irin inú ilé bátìrì náà pẹ̀lú, bóyá omi bátìrì àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Lórí kí ni ẹ sì ń lò ó? Iná abẹ́ máòsì ń ràn án lọ́wọ́ láti máa ya àwòrán ojú tábìlì léraléra, kí ó sì máa fi wọ́n wé ara wọn, kí ó tó mọ ibi tí ọwọ́ yín ń lọ. Gíláàsì tó ń dán kì í fún un ní àmì kankan tí yóò dì mú.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìpẹru:
Gbólóhùn kan nínú ìbéèrè yín ni ó gbà mí lọ́kàn: háàdì díìsìkì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ni máòsì ń ṣe wàhálà jù, n kò rò pé máòsì ni ó lẹ́bi. Orí ìgbì rédíò 2.4 GHz ni ọ̀pọ̀ máòsì aláìlówáyà ti ń bá risíífà wọn, ìyẹn ohun kékeré tí a ń kì bọ ihò USB laptop, sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà sì ni Bluetooth àti ọ̀pọ̀ Wi-Fi wà. USB 3.0, ìyẹn irú USB tó yára tí ọ̀pọ̀ háàdì díìsìkì ń lò, nígbà tí ó bá ń gbé ẹrù lọ sókè sódò, a máa tú ariwo rédíò jáde láti ojú ihò rẹ̀ àti láti ara wáyà rẹ̀ sí orí ìgbì kan náà yìí. Ilé-iṣẹ́ Intel fúnra rẹ̀ tẹ àlàyé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2012. Risíífà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú háàdì díìsìkì bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí gbẹ̀du.

Ẹ kọ́kọ́ yọ háàdì díìsìkì náà bí ó ti yẹ kí a yọ ọ́, kí ẹ sì lo máòsì láìfọwọ́ kan ohun mìíràn, nítorí bí ẹ bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe é. Bí ó bá ń lọ geere, ẹ gbé risíífà lọ sí ihò USB tó wà ní apá kejì laptop. Èyí tó dára jù ni kí ẹ fi wáyà ìfàgùn USB kékeré fa risíífà náà jáde wá sórí tábìlì, nítòsí ọwọ́ yín.

Atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Pákó ni tábìlì mi, irin inú ilé bátìrì sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti yọ háàdì díìsìkì ni ọfà náà balẹ̀. Mo ti ra wáyà ìfàgùn, mo sì ń kó àwòrán lọ́wọ́ báyìí láìsí ìdádúró. Pípẹ́ kí ó tó dáhùn nìkan ni kò yí padà.

Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ariwo. Máòsì fúnra rẹ̀ máa ń sùn láti fi bátìrì pamọ́, bí ó bá sì jí lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí àléébù níbẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Windows ni ó ń pa iná ihò USB. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ sí abẹ́ Universal Serial Bus controllers, kí ẹ tẹ USB Root Hub lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì mú àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power tó wà lábẹ́ Power Management. Bí Root Hub bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe é fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Yóò máa jẹ bátìrì laptop díẹ̀ sí i nígbà tí iná ìjọba kò bá sí, nítorí náà ẹ lè dá àmì náà padà tí iṣẹ́ Ojúde Ọba bá ti parí.