Ẹ bá mi dá sí i: ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń sùn sí ni mo fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí Bàbá wa

Ọmọ Gáàdì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, oorun ò sì kun ojú mi. Bàbá wa máa pé 80 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀. 33 ọdún ni wọ́n fi ṣe gáàdì nínú rélùwéè kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kí n fi owó tí mo ti ń kó jọ láti 2019 gbé wọn gun ọkọ̀ ojú irin olówó iyebíye, èyí tí èèyàn ń sùn tó ń jí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orí mi dàrú. Ó ní ìnáwó la máa ṣe, ó ti mú léèsì aláwọ̀ ọsàn fún aṣọ ẹbí láìbi ẹnì kankan, ìyàwó ẹ̀ sì ti ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú olórin. Nígbà òkú Màmá, ta ló sanwó màlúù? Èmi ni. Ta ló dúró ti àwọn tó ń ro ìkókoré títí ilẹ̀ fi mọ́? Èmi náà ni. Àbúrò mi wá ní, "Kí ló wà nínú rélùwéè tí Bàbá ò tíì rí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé àṣejù ni mo fẹ́ ṣe ni?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ọkọ̀ wo? Ìlú wo? Ta ló ń bá Bàbá lọ? Ẹ sọ ti léèsì, ẹ ò sọ ti ọkọ̀.

Bọ̀dá Ìpẹru:
Àṣejù ni. Ìjẹ̀bú ò ní ojú irin, àmọ́ Abẹ́òkúta ò jìnnà. Ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń dúró níbẹ̀. Ẹ gbé Bàbá gun ìyẹn, kí ẹ fi owó yòókù kan òrùlé ilé wọn.

Ọmọ Alárè:
Bọ̀dá, wọn ò ń sùn nínú ìyẹn. Èmi àti ọkọ mi gun Blue Train láti Pretoria dé Cape Town, bíi 1,600 kìlómítà. Wọ́n sọ̀ wá kalẹ̀ ní Kimberley, a lọ wo kòtò ńlá tí wọ́n ti wa dáyámọ́ǹdì. Tó bá di oúnjẹ alẹ́, kóòtù àti táì ni fún ọkùnrin, tàbí aṣọ ìbílẹ̀. Ọkọ mi wọ agbádá, gbogbo ojú yí sí i. Báàfù wà nínú yàrá wa! Mo jókòó sínú omi gbígbóná, omi ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí omi inú igbá tí ọmọdé rù, mo sì ń wo pápá gbalasa láti ojú fèrèsé. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ọmọ Gáàdì:
Ẹ ṣé, àǹtí mi. Kì í ṣe South Africa o. Orient Express ni, láti Paris dé Venice. Bàbá gé àwòrán ẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà kan nígbà tá a wà lọ́mọdé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí aṣọ wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́:
Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn ní 1883, Georges Nagelmackers ará Bẹ́ljíọ̀mù ló dá a sílẹ̀. Èyí tó ń lọ báyìí, Venice Simplon-Orient-Express, 1982 ni James Sherwood gbé e jáde. Àwọn kọ́ọ̀ṣì nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930 ló rà, tó sì tún ṣe. Wọ́n rẹwà, n ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: yàrá àtijọ́ inú wọn, básíà ìfọwọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ibi ìwẹ̀. Ilé ìtọ̀, ìpẹ̀kun kọ́ọ̀ṣì ni, gbogbo èrò kọ́ọ̀ṣì náà ló ń lò ó. Owó ẹnì kan fún òru kan sì lé ní 3,000 pọ́n-ùn. Báwo ni ara Bàbá?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Mo ṣáà ń béèrè! Físà ńkọ́? Páspọ́ọ̀tù ńkọ́?

Ọmọ Gáàdì:
Ara Bàbá le. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ìyẹn ò burú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́dún tó kọjá nítorí ìtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń dìde lóru. Mi ò mọ̀ pé ilé ìtọ̀ ò sí nínú yàrá. Ẹni tó ń bá mi ṣètò ò sọ. Mo ti san àsansílẹ̀.

Bọ̀dá Ìpẹru:
Mo sọ bẹ́ẹ̀!

Ọmọ Alárè:
Bọ̀dá, òrùlé lẹ sọ, ẹ ò sọ ti ìtọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí arúgbó mú ọ̀pá dání nínú ọ̀nà tóóró, lóru, nínú ọkọ̀ tó ń sáré! Ìyá ọkọ mi ṣubú nínú ilé tí kò mì rárá, ìtàn ni títí dòní.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́:
Yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn, àmọ́ owó ẹ̀ tún ga gan-an. Royal Scotsman ní Scotland ń dúró lóru kí èrò lè sùn dáadáa, ilé ìtọ̀ sì wà ní yàrá.

Bàbá Olóko, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọmọ mi, awakọ̀ rélùwéè lèmi náà. Ojú irin wa àtijọ́, tó lọ sí Kánò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni fífẹ̀ ẹ̀. Ti South Africa, bákan náà ni. Bàbá rẹ á mọ̀ ọ́n lára. Rovos Rail, ọkọ̀ South Africa tí Rohan Vos dá sílẹ̀ ní 1989, gbogbo yàrá ẹ̀ ló ní ilé ìtọ̀ àti ibi ìwẹ̀. Kì í sáré kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí rédíò. Ohùn irin nìkan ni wọ́n á máa gbọ́. Ṣé o tiẹ̀ ti bi Bàbá ohun tí wọ́n fẹ́?

Ọmọ Gáàdì:
Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò tíì bi wọ́n, mo fẹ́ kó bá wọn lójijì ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ mi lọ́dẹ̀dẹ̀: "Gbogbo ọdún tí mo lò yẹn, n ò sùn nínú ọkọ̀ rí. Èrò ló ń sùn. Èmi ń gbé àtùpà." Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ti Venice.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Háà. Kí ló dé tẹ́ ò fi ìyẹn ṣáájú?

Ọmọ Alárè:
Omijé bọ́ lójú mi o.

Ọmọ Gáàdì:
Lárọ̀ọ́ ọ̀la mo máa pè nítorí àsansílẹ̀ yẹn, bóyá wọ́n á dá díẹ̀ padà. Páspọ́ọ̀tù Bàbá ti kú láti 2016, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà físà South Africa àti káàdì ibà pọ́njú. Bàbá Olóko, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú Bàbá wá kí yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ Sátidé?

Bàbá Olóko, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ máa bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n mú àwòrán inú àpótí yẹn dání.