"Àfọ́nká" ta ni? Èsì fún àbá ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹ̀yin ará,

Mo ka àbá tí ọ̀kan nínú wa mú wá lánàá, pé kí "àfọ́nká" jẹ́ orúkọ gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun, láti orí àwọn tí baba ńlá wọn di Nàgó ní Bàhíà ní Brazil àti Lùkùmí ní Kúbà títí dé orí ẹni tó wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá. N kò gbà á, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-" yẹn ni kò sì jẹ́ kí n gbà á, nítorí kò dárúkọ ẹni tó ṣe ohun tí a ń sọ.

Àṣẹ́kù ni ohun tó ṣẹ́ kù, àbùlà ni ohun tí a bù là. Bí a bá pe ènìyàn ní àfọ́nká, ẹni tó fọ́n ọn ti sá kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní ènìyàn náà ni "àyànfẹ́", òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ojú ń tì pé òun ló yan àyànfẹ́. A kò fọ́n àwọn ará Bàhíà ká bí àgbàdo. Wọ́n kó wọn lógun, wọ́n sì tà wọ́n. "Àjò" tí ẹlòmíràn dábàá kò sàn jù ú lọ, nítorí ẹni tó re àjò ní àbọ̀ lọ́kàn.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà, ní 1835 (Ìmàle tiwa ni "Malê" yẹn), ìjọba lé àwọn kan nínú àwọn tó ti gba òmìnira padà sí etí òkun wa, ìnira sì lé àwọn mìíràn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Èkó, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ouidah. Ní Brazil, ọmọ Áfíríkà ni wọ́n; nígbà tí wọ́n dé Èkó, Àgùdà ni a pè wọ́n, àwọn da Silva àti Pereira. Níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, orúkọ àlejò ni wọ́n jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lè gbé èyí, kí ló fẹ́ bá wa sọ?

Ìyá ìyá mi, tí a bí sí Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn ní Èkó, kò sọ ọ́ rí pé wọ́n fọ́n ká. "Wọ́n bọ̀ ni," ló máa ń wí. Kí a ti inú "bọ̀" wá ọ̀rọ̀ fún àwọn tó padà. Ní ti àwọn tí kò padà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Brazil lónìí, orúkọ Nàgó àti Kétu tí àwọn ilé òrìṣà wọn ń jẹ́ títí dòní ti tó.

Kí ẹni tó kọ "Àgúdà" láàárín wa sì sọ ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́ nílé wa.