Ike ọṣẹ, táwẹ́lì àti ìwé ẹ̀rí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìtura kékeré ni mò ń bójú tó, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Mo fẹ́ dín ìpalára tí iṣẹ́ wa ń ṣe fún àyíká kù, àmọ́ owó ò tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

A ti pààrọ̀ àwọn gílóòbù àtijọ́ sí LED. Ìyẹn rọrùn. Ilé ìwẹ̀ ni wàhálà wà: àwọn ike ọṣẹ kéékèèké tí àlejò á lò lẹ́ẹ̀kan, tí ọṣẹ á ṣì kù sí ìdajì nígbà tí a bá ń dà á nù. Mo fẹ́ kọ́ ike ńlá tó ṣeé rọ ọṣẹ kún mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ẹnìkejì mi nínú òwò ní àwọn àlejò á pè wá ní ahun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiyín? Báwo lẹ ṣe ń tì í kí ẹnikẹ́ni má baà da nǹkan mìíràn sí i?

Táwẹ́lì ńkọ́? A lẹ ìwé pé kí ẹni tó bá fẹ́ tún tirẹ̀ lò fi kọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń tún yàrá ṣe ṣì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ fọ̀.

Wọ́n tún ní kí n gba ìwé ẹ̀rí Green Key, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ilé ìtura tó ń tọ́jú àyíká, tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark lọ́dún 1994. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á, ṣé ó ń fa oníbàárà wá lóòótọ́, àbí kí n kọ́kọ́ fowó náà ra ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú omi gbóná?