Ọmọ mi fẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀ ní Texas: ṣé kó kọ Junior WAEC tán kó tó lọ?

Aránṣọ Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo gbé wá. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 13, JSS2 ló wà ní ilé-ìwé ìjọba níbí ní Ìsánlú. Físà rẹ̀ ti jáde. Bàbá rẹ̀ tó wà ní Texas ní kó máa bọ̀ lóṣù kẹjọ. Èmi ní kó fi ọdún kan dúró kọ Junior WAEC tán ná, kó má dà bí ẹni tó wu iṣu kó tó ta. Bàbá rẹ̀ ní ìwé yẹn ò wúlò fún wọn lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tá a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp. Àwọn oníbàárà mi pàápàá ti mọ ohùn ọkọ mi.

Èyí tó wá ń já mi láyà jù ni pé àbúrò ọkọ mi sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ìdánwò tirẹ̀. Ó ní ti Texas ń jẹ́ STAAR, pé ọmọ tó bá fìdí rẹmi, kò kúrò ní kíláàsì yẹn nìyẹn. Ọmọ mi mọ ìṣirò o. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wọn, tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìtàn Amẹ́ríkà ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ rí? Tí wọ́n bá wá tì í sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ọmọ tó ga bí ọ̀pẹ yìí!

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kó dá mi lóhùn. Ẹ má kàn kọ "Ọlọ́run á ṣe é" síbí, mo ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Houston

Àǹtí, okun o. Ọmọ mi méjì ló ti kọ STAAR yìí, mo lè sọ̀rọ̀ lé e.

Àbúrò ọkọ yín ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló ń sọ. Nígbà kan, ọmọ kíláàsì karùn-ún tàbí ìkẹjọ tí kò bá yege nínú ìwé kíkà tàbí ìṣirò lè tún kíláàsì ṣe. Texas fagi lé ìyẹn lọ́dún 2021. Báyìí, ẹ̀kọ́ àfikún ni wọ́n máa ń fún un, á sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2015 ló dè wọ́n pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ dán àwọn ọmọ wò nínú ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní high school. Irú ìdánwò tí wọ́n á lò, àti ohun tí wọ́n á ṣe fún ọmọ tó bá fìdí rẹmi, ọwọ́ ìpínlẹ̀ nìyẹn wà. Ní Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí Boston wà, wọ́n dìbò lọ́dún 2024 pé ìdánwò tiwọn ò gbọdọ̀ dí ọmọ lọ́wọ́ àtijáde mọ́. Nítorí náà, bí ará Boston bá ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ fetí kan gbọ́ ọ.

Ọmọ ọdún 13 yìí, kíláàsì kẹjọ ni wọ́n máa fi í sí. Ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti social studies ló máa kọ nígbà tó bá di oṣù kẹrin, orí kọ̀ǹpútà sì ni. Wọ́n tún máa ń gbà wọ́n láyè láti lo kakulétọ̀ nínú ìṣirò. Àwọn tíṣà tó nà mí ní Ẹ̀gbẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ibi tí ìdánwò ti ń dè èèyàn mọ́lẹ̀ ni high school, láti kíláàsì kẹsàn-án lọ. Márùn-ún ni: Algebra I, English I, English II, Biology àti U.S. History. Ìyẹn ló so mọ́ ìwé ẹ̀rí. Tí ọmọ bá fìdí rẹmi, ó lè tún un kọ lóṣù kẹfà tàbí oṣù kejìlá. Tó bá ku ọ̀kan tàbí méjì tí kò rí mú, ìgbìmọ̀ kan wà tó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n sì jẹ́ kó jáde. Ìpele tó kéré jù tí wọ́n kà sí yíyege ń jẹ́ "Approaches". Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lórí èsì ọmọ mi, mo bínú, mo ní ṣé ó kàn ń sún mọ́ ọn ni. Tíṣà rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, tó ní ó ti yege.

Ẹ wá wò ó. Tó bá dúró kọ ìdánwò tiwa, á ti pé 14 kó tó dé, kíláàsì kẹsàn-án ló ń wọ̀, English I àti Biology á sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá wá báyìí, á fi ọdún kan mọ ọwọ́ wọn nínú ìdánwò tí kò lè dá a dúró. Èmi fara mọ́ ọkọ yín, ẹ má bínú.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: òfin ọdún 2025 ní kí STAAR kógbá sílé. Ìdánwò kúkúrú mẹ́ta lọ́dún ló máa rọ́pò rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2027–2028.

Tíṣà Àgbà, Kàbà

Ìyàwó wa, WAEC ò mọ nǹkan kan nípa Junior WAEC. BECE ni, ìdánwò ìparí JSS3, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wa ló ń ṣe é fún ilé-ìwé bíi ti ọmọ rẹ. Orúkọ yẹn kàn lẹ̀ mọ́ wa lẹ́nu ni.

Ohun tí ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ sọ yé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí ọmọ tó lọ tó tún padà. Tí nǹkan bá yí lọ́hùn-ún, kí ló fẹ́ fi wọ SS1 nílé? Bí o bá máa jẹ́ kó lọ, gba káàdì èsì rẹ̀ láti JSS1, táàmù mẹ́fà pé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé ọ̀gá àgbà. Gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ náà.

Ìyá Dallas

Nǹkan kan ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n máa fún bàbá rẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Tó bá kọ Yorùbá, wọ́n máa dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà wò. Àwọn kan máa ń fi Yorùbá pamọ́ nítorí ìtìjú. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá dára, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá tíì tó, wọ́n á ràn án lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni.

Aránṣọ Ìsánlú

Ẹ ṣé o. Bàbá Tíṣà, mo gbọ́, mi ò ní fi káàdì kankan sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Houston, ọkọ mi ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ gbè é lẹ́yìn, ariwo rẹ̀ á pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo ń lọ bá ọ̀gá àgbà. Lẹ́yìn òǹtẹ̀, mo máa bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ náà máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn iléèwé. Kò lè sọ pé aṣọ ló bò ó. Èmi ni mo rán aṣọ náà.