"Wádìí" kọjá "investigate"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò wa kan ń kọ ìtàn bí ìyá àti bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ra wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé "My mother's people investigated into my father's family." Àwọn kan ní kó yọ "into", àwọn kan ní kó fi sílẹ̀.

Kó yọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń wádìí ló máa ń tẹ̀ lé "investigate" tààrà. "Investigation" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń gba "into". Ẹ wo abala 88 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, níbi tí wọ́n ti fún ilé aṣòfin lágbára láti ṣèwádìí: "investigation into" ló wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹnu wa ni àṣìṣe náà ti wá. "A ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà" là ń sọ, a wá ń wá ohun tí a ó fi rọ́pò "lórí" yẹn. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn, ọ̀gá mi fi bírò pupa fa igi sórí "into" lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìròyìn kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an, àfìgbà tí mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ṣùgbọ́n bí "into" bá kúrò, gbólóhùn náà ò tíì gún. Wá ìdí ni wádìí, ó sì gbòòrò. Ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ń wádìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé oyè ń ṣèwádìí, ọlọ́pàá tó ń wá olè ń wádìí. Gẹ̀ẹ́sì pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "enquire", "research", "investigate". Alárinà tó lọ jókòó ti aládùúgbò, tó rọra béèrè bóyá àrùn kan ń bá ìdílé náà jà, bóyá ọkùnrin ilé náà máa ń na ìyàwó, kò mú ìwé ọlọ́pàá dání. Ẹni tó bá ka "investigated" ní Lọ́ńdọ̀nù á rò pé wọ́n fẹ̀sùn kan bàbá ni. "Made enquiries about" ni kó kọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi "e" bẹ̀rẹ̀ tìbéèrè lásán, wọ́n á fi "i" bẹ̀rẹ̀ ti ìgbìmọ̀ ìjọba, bíi Inquiries Act ti 2005. "I" ni Amẹ́ríkà sábà máa ń lò fún méjèèjì.

Kó má tilẹ̀ dé ìdí "probe". Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí oníṣègùn ń tì bọ ojú ọgbẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àwọn oníròyìn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó kúrú fún àkọlé.

Ní ti Yorùbá tí a ó máa lò fún "investigate" àwọn ọlọ́pàá, ẹnìkan dábàá "tọpinpin". Mi ò fara mọ́ ọn: atọpinpin ni à ń pe ẹni tó ń yọjú sọ́rọ̀ tí kò kàn án. "Tọpasẹ̀" ni mo fara mọ́. "Vestigium", ipasẹ̀, ni àwọn ará Róòmù fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wọn tí "investigate" ti wá, bí ọdẹ wa náà ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran nínú ìrì àárọ̀.