Ilé ẹlẹ́mu àtijọ́ ní Ẹ̀pẹ́: ibo ni kí n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ jẹun?

Àbúrò_Bọ̀ọ̀dá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjàh ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, agbolé wa ò jìnnà sí Màríínà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti lọ.

Bọ̀ọ̀dá yìí ti fi ilé ọtí kan di mí létí. The George lorúkọ ẹ̀, ní Southwark. Iná jó àdúgbò yẹn lọ́dún 1676, wọ́n tún ilé náà kọ́ lọ́dún 1677, ó sì wà níbẹ̀ dòní tòun ti bákónì onípákó lókè. Ó ní ibẹ̀ làwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń kó èrò láyé àtijọ́, kí àwọn onírélùwéè tó wó apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní nílé ọtí tiwọn, èèyàn á dìde fúnra ẹ̀ lọ sí kántà, á sanwó kó tó rí oúnjẹ. Bó bá ti pè mí báyìí, a ò ní í sọ̀rọ̀ ìyá wa tán kó tó dé orí pákó yẹn. Ní Sọ́ńdè tó kọjá ló wá bi mí pé, "Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Ṣé ibi àtijọ́ kankan ò ṣẹ́ kù téèyàn ti lè jókòó jẹun, kó mu ẹmu?" Ẹnu mi yá, mo ní ó wà.

Ibi tó wà lọ́kàn mi ni àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀sà tí bàbá wa máa ń lọ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Èmi ni mo máa ń bá wọn di fìlà mú. Bí wọ́n bá bu ẹmu, ìfófòó orí ẹ̀ ni wọ́n ń fún mi lá. Mo tún ibẹ̀ lọ lóṣù tó kọjá láti lọ wò ó. Ẹmu tí wọ́n gbé fún mi dùn bíi mínírà, ó lẹ̀ mọ́ mi létè. Ẹja ọ̀hún, inú yìnyín ló ti bọ́ sínú epo, kò sí adùn kankan lára ẹ̀.

Ṣé kí n ṣì gbé e lọ, àbí ibòmíràn wà? Aago mélòó ló dáa? N ò fẹ́ kí bọ̀ọ̀dá padà lọ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ìyá_Ẹlẹ́ja

Ìwọ ọmọ yìí, aago mélòó lo débẹ̀? Mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹja tó bá ṣẹ́ kù nírọ̀lẹ́, èyí táwọn èèyàn ti ṣà kù ni. Ààrọ̀ ni kó o wọ ọjà Olúwo, kí oòrùn tó mú. Má jẹ́ kí wọ́n bá ẹ ṣà á. Wo ojú ẹja, kó mọ́ kedere. Ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, kí inú ibẹ̀ pupa. Fi ìka tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí ò padà, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Òbòkún ni kó o rà fún ẹni tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Àrọ̀ náà dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sìn ín káàkiri báyìí, bọ̀ọ̀dá ẹ lè rí i jẹ l'Ájàh.

Gbé ẹja náà fún ìyá tó ń dáná níbi ẹlẹ́mu yẹn, sanwó ata àti owó iṣẹ́ fún un. Kó má fi síbí rò ó o! Ìkòkò ẹja tútù, ńṣe la máa ń dì í mú mì. Tí síbí bá ti wọ ibẹ̀, egungun lẹ ó máa ṣà. Kẹ́ ẹ sì mú owó lọ́wọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì.

Ọmọ_Adẹ́mu

Ẹ ṣé, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ẹmu ló kàn mí. Bàbá mi dá ẹmu títí orúnkún wọn ò fi gbà mọ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ létè yẹn, wọ́n ti fi omi là á tán kí wọ́n tó bu ṣúgà sí i. Ẹmu gidi kì í dúró lójú kan. Ó dùn láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó bá fi máa dọ̀sán ó ti ń hó, tó bá dìrọ̀lẹ́ ó ti kan, ìgbà yẹn ló ń pa èèyàn. Ẹmu tó bá ṣì dùn bíi tàárọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bi wọ́n léèrè ibi tó ti wá.

Béèrè bóyá tọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀. Inú irà ni ògùrọ̀ ń hù, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń yọ òdòdó láyé ẹ̀. Kó tó yọ ọ́ la máa ń dá a, lẹ́yìn náà igi ọ̀hún kú nìyẹn. Ọ̀pẹ ní tiẹ̀, o fi igbà gùn ún lọ́dún yìí, wàá tún gùn ún lẹ́ẹ̀mí-ìn. Èmi, ògùrọ̀ ọ̀sán ni tèmi. Bó o bá rí oyin kan tó kú sínú ẹ̀, má bínú, ẹ̀rí ni.

Ẹ sì jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sọ pé bíà lòun fẹ́. Ọdún 1949 ni Star jáde l'Ékòó. Bàbá bàbá mi ti ń gùn ọ̀pẹ kó tó dìgbà yẹn.

Ará_Èkó_Ẹ̀pẹ́

Èmi ò mutí, Mùsùlùmí ni mí. Ẹja ni mo ń bá lọ síbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ mí.

Má bá bọ̀ọ̀dá ẹ fi ọjọ́ orí ilé du nǹkan kan. Ọparun àti páànù ni àtíbàbà tiwa, èyí tí bàbá yín jókòó sí lábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ti tún un ṣe láìmọye ìgbà. Ojúbùdó ibẹ̀ ló pẹ́. Mú un rìn dé etí ọ̀sà kẹ́ ẹ tó jẹun. Lẹ́yìn tí ìbọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà yẹn, kúrò l'Ékòó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló fi ṣe ilé. Ibí náà ló ti bá Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, ṣàdéhùn lọ́dún 1854. Ọdún 1862 ló tó padà sí Èkó. Àwọn tó bá a wá tí wọn ò bá a padà, ọmọ wọn ni wá, wíwá yẹn la sì ń rántí tá a bá ń ṣe ọdún Kayokayo lẹ́yìn Iléyá. Bó bá sọ 1677, ìwọ sọ 1851. Ó kéré sí tiẹ̀, má jiyàn.

Àbúrò_Bọ̀ọ̀dá

A lọ lánàá, ẹ ṣé gan-an. Aago mẹ́jọ la dé Olúwo, a ra òbòkún méjì. Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu, bọ̀ọ̀dá ò jókòó. Ó ń wá kántà! Ó ní òun fẹ́ sanwó, káàdì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá tó ń dáná wò ó títí. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹun ná. Ibo lo fẹ́ sá lọ?"

Òjò bẹ̀rẹ̀, páànù ń jò nígun kan, a sún bẹ́ńṣì. Ìyá fi àkísà di etí ìkòkò mú méjèèjì, wọ́n ń mì ín jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ẹja ò já. Ata mú bọ̀ọ̀dá dé ojú, ó ń nu imú, ó ń bu ẹ̀bà. Ògùrọ̀ dé nínú igbá. Oyin méjì ló wà nínú ẹ̀, Ọmọ_Adẹ́mu. Láti igbá kejì ni mi ò ti gbọ́ Southwark mọ́.

Ìyá wá béèrè pé ọmọ ta ni wá. Mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé síbí sílẹ̀. "Bàbá yín jẹ mí ní agbè ẹmu méjì kí wọ́n tó ṣaláìsí." Bọ̀ọ̀dá ní òun á san án. Ṣé iye tìgbà yẹn ni àbí tòní? Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní tìgbà yẹn, pé òkú kì í san èlé. Ìyá ní tòní.

Tòní la san. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, káàdì bọ̀ọ̀dá ò ṣiṣẹ́. Owó ọwọ́ mi ni mo fi san gbèsè bàbá wa, bọ̀ọ̀dá sì ti pe ẹbí kárí láàárọ̀ yìí pé òun lòun san án.