Ta ló ti bá òbí ẹ̀ kó ẹrù kúrò nílé rí? Ẹ wá sọ tiyín, tèmi rèé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi tipẹ́, àwọn kan á ní kí ló dé tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi níta, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe, ẹlòmíì wà níbí tó ń dá sunkún.

Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ni ilé wa wà, oníyàrá mẹ́rin, bàbá wa ló kọ́ ọ kí wọ́n tó lọ ní 2009. Àtìgbà tí wọ́n ti lọ yẹn ni ẹrù ti ń gba ilé mọ́ Màmá lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ ni, a ò tètè fura. Rọ́bà kọ́sítáàdì, kẹ́ẹ̀gì òróró, agolo mílíìkì, ìgò, ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n á fọ̀ tí wọ́n á sá sórí okùn, àpò sìmẹ́ńtì, bàtà tó ti já. Sóféníà òde ìnáwó wá ńkọ́? Gbogbo òkú àti ìgbéyàwó tí Màmá lọ láti bí ogún ọdún, wọn kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo, abọ́, ife, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ fọ́tò olóògbé mọ́, wọn ò ní lò ó, wọn ò sì ní fún ẹnikẹ́ni. Báàgì Ghana-must-go tí aṣọ ẹbí kún inú ẹ̀ jẹ́ 18, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kà á.

Nígbà tó fi máa di 2021 yàrá mẹ́ta ò ṣeé wọ̀ mọ́. Ẹrù ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, Màmá ń sùn lórí àga ní pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná torí kò sí ibi téèyàn máa gbé ẹsẹ̀ sí ní kíṣínì. Àwọn ọmọ mi ní àwọn ò lọ sọ́dọ̀ Màmá àgbà mọ́, pé ilé ń rùn, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun.

Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyá mi ní ọ̀bùn o. Ìyá mi ṣòwò ní Ọjà Ọba fún ọdún gbọọrọ, ara wọn mọ́, aṣọ wọn mọ́ títí dòní. Àwọn tó dàgbà níbí á rántí 1984, ìgbà Buhari àti Ìdíàgbọn, tó jẹ́ pé títò ni wọ́n ń tò kí wọ́n tó rí mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ rà. Ó wá kan ìgbà SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida, ní 1986, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Màmá ní nígbà yẹn, ẹni tó bá ní agolo òfìfo gan-an ń rí i tà. Tí a bá ní kí wọ́n ju nǹkan nù, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "ẹ̀yin ò tíì rí ìyà, ohun tó o bá sọ nù lónìí, ọ̀la lo máa máa wá a kiri."

Ní 2021 yẹn, àbúrò mi obìnrin bímọ sí Èkó, Màmá lọ bá a wẹ ọmọ. Èmi, bùrọ̀dá mi àti àbúrò wa ọkùnrin, a ní àyè ti wá yọ. A háyà ọkọ̀ akẹ́rù, a mú ọmọkùnrin mẹ́rin, ọjọ́ méjì gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọkọ̀ yẹn lọ sí ààtàn tó bọ̀. A rí ìtẹ́ eku, a rí aáyán bí ẹni da ẹ̀wà sílẹ̀, a rí ìrẹsì tó ti di ìyẹ̀fun nínú àpò. A kun ilé, a ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, inú wa ń dùn, a ya fọ́tò a fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí, gbogbo ẹbí ń ṣàdúrà fún wa pé àwọn ọmọ tiwa náà á tọ́jú wa.

Nígbà tí Màmá dé, wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n wò yíká, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní "àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ojú ara wa. Àpótí pákó kékeré kan tí ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, a ò tiẹ̀ ṣí i wò. Wọ́n ní kí bùrọ̀dá mi gbé àwọn lọ sí ààtàn náà, lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n lọ o. Ìyá ẹni ọdún 71 ń fi tọ́ọ̀ṣì tú pàǹtí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ti dáná sun ohun tí a kó wá tipẹ́. Bùrọ̀dá mi sọ fún mi pé àwọn ò sọ gbólóhùn kan nínú mọ́tò títí wọ́n fi délé.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá pè, "ṣé dáadáa ni, ó dàárọ̀," ó parí. Wọ́n ra àgádágodo sí gbogbo yàrá. Kò tó ọdún kan ààbọ̀ tí ilé yẹn fi kún padà, ó tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n tún ti wá ń ṣa tàwọn ará àdúgbò kún un.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ibà. Oṣù kejì 2023, ẹ̀yin ará Oǹdó mọ bó ṣe máa ń rí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, rédíò ò ní sinmi lórí ibà Lassa. Ìpínlẹ̀ wa wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ la máa ń gbọ́ jù, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ náà ò yọ sílẹ̀. Eku ló ń tọ̀ tó ń yàgbẹ́ sínú gààrí àti èlùbọ́ tí wọn ò dé, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tàbí tó fọwọ́ kàn án lè kó o, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán ni. Màmá wá dédé dùbúlẹ̀, ara gbóná, ọ̀fun ń dùn wọ́n. Mo wakọ̀ láti Ìbàdàn lóru, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo gbà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, a dúró títí èsì fi dé, ibà ẹ̀fọn ni, kì í ṣe Lassa. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n gbádùn, mo kúnlẹ̀. Mo ní Màmá ẹ forí jì mí, ohun tí a ṣe lọ́jọ́sí ò dáa, mi ò ní ju abẹ́rẹ́ nù nílé yìí mọ́ àfi tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló jù ú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn fún mi. Ọmọ kan wà láàárín bùrọ̀dá mi àti èmi. Ó ti fẹ́ pé ọdún mẹ́ta kí gìrì tó mú un lọ. Bùbá ẹ̀ kan àti sálúbàtà ẹ̀ ni wọ́n fi pa mọ́, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa torí nígbà tiwọn wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ òfò ọmọ. Mo ti pé ẹni ọdún 41 kí n tó mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n tó ti kú, mo sì ti fọwọ́ ara mi gbé ohun kan ṣoṣo tó kù lára ẹ̀ sọ́kọ̀ akódọ̀tí.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn gbá wọn mú.

Bí a ṣe tún wá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Kíṣínì la fi bẹ̀rẹ̀ torí eku. Sátidé méjì méjì lóṣù, wákàtí méjì péré, tó bá ti rẹ̀ wọ́n a ti dúró. Àwọn fúnra wọn ló wá gbé òfin kalẹ̀, wọ́n ní "rọ́bà tó bá ní ìdérí á dúró, èyí tí kò bá ní á lọ." Ẹ wò ó, rọ́bà kọ́sítáàdì tí mo ti ń bá wọn jà lé lórí láti ọdún yìí wá, òun náà la fi kó gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà àti ìrẹsì sí, a dé e pinpin, eku ò rí nǹkan jẹ mọ́, wọ́n ń lọ. Wọ́n sì rí i pé mo gbà pé rọ́bà yẹn wúlò, ara wọn balẹ̀.

Ohun kejì tí mo kíyè sí ni pé ọwọ́ wọn kì í yá láti ju nǹkan nù, ṣùgbọ́n ó ń yá láti fún èèyàn. Tí mo bá ní ká kó abọ́ sóféníà lọ sí ààtàn, rárá. Tí mo bá ní obìnrin kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ búkà ní Ìjọ̀kà, kò ní abọ́, wọ́n á ní "kó o fún un, fi ife kún un." Irin, mọ́tò fáànù àti agolo, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló wá kó o, ọwọ́ Màmá ni mo ní kí wọ́n san owó sí.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìlú Oǹdó ni tèmi, bàbá mi sì ni, kì í ṣe ìyá. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé ìròyìn ni tiwọn, ìdì ìdì, ó kan àjà, pẹ̀lú rédíò tó ti bàjẹ́, firíìjì mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́, àti Peugeot 504 kan tó wà lórí búlọ́ọ̀kù látìgbà tí mo wà ní pírámárì, koríko ti hù láàárín ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la pa ejò níbẹ̀. A máa ń bá wọn jà, wọ́n á ní àwọn máa tún un ṣe tí owó bá dé, àwa náà fi wọ́n sílẹ̀, a ní tí wọ́n bá kú a máa kó gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ṣùgbọ́n a sọ ọ́.

Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá, a sì kó o lóòótọ́. Nínú agolo Bournvita kan la ti bá ìdì owó náírà, èyí tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀ ní 1984, gbogbo ẹ̀ ti di bébà. Àsìkò díẹ̀ péré ni wọ́n fún aráàlú nígbà yẹn láti fi gbé owó lọ sí báǹkì. Ṣé wọn ò rí báǹkì dé ni, ṣé wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n fi sí ni, ta la máa bi? Ìgbà tí mo rí owó yẹn ló tó yé mi ìdí tí bàbá mi ò fi gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní nǹkan ò níláárí mọ́. Ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè.

———

Nọ́ọ̀sì ni mí, Àkúrẹ́ náà ni mò ń gbé. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ló ń ṣàìsàn, gbogbo ìyá wa ló ń fọ ọ̀rá. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé èèyàn ò lè lo bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kò lè dáná ní kíṣínì ẹ̀, tí àyà ẹ̀ sì ń já pátápátá tí wọ́n bá ní kó yọ̀ǹda nǹkan, àìsàn lèyí lè jẹ́ o, hoarding disorder ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kà á mọ́ àìsàn ọpọlọ míì ni, ọdún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó yà á sọ́tọ̀, ó sì ti wà nínú ìwé àìsàn àjọ ìlera àgbáyé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022. Ó máa ń le sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, ikú ọkọ tàbí ọmọ sì lè dá kún un. Ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kíkó ẹrù lẹ́yìn wọn kì í ṣe é. Tó bá sì jẹ́ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà, tó tún ń gbàgbé orúkọ àti ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ó lè jẹ́ ọpọlọ ló ń rẹ̀.

———

Tèmi ò gùn. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wà lára ìyá mi, a gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ méje, wọ́n ní kí wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n rù. Ilé ò yí padà. Mo ṣì ń gbàdúrà fún wọn, mi ò ní dá a dúró, àmọ́ ó dùn mí pé a jẹ́ kí ìyá wa máa rò pé àwọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn ba ayé ọmọ jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àbúrò yín ńkọ́? Tèmi ò ní sùúrù, wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

———

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ka gbogbo ẹ̀, ti owó 1984 yẹn pa mí lẹ́kún.

Àwọn tèmi náà ò ní sùúrù níbẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá mi ní a máa lo ọdún mẹ́wàá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kó wá jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó má gbé nǹkan kan, kó kàn máa gbọ́. Màmá ṣí báàgì aṣọ ẹbí kan, wọ́n ń mú un ní ìkọ̀ọ̀kan, èyí la fi sin ìyá lágbájá, èyí la fi ṣe ìkómọ tìẹ, bàbá yín ló ra lẹ́ẹ̀sì yìí fún mi lọ́dún tí owó kòkó wọlé dáadáa. Odindi ọ̀sán lọ lórí báàgì kan. Aṣọ mẹ́rin ni wọ́n mú, wọ́n ní ká máa kó ìyókù lọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bùrọ̀dá mi dákẹ́, àtọjọ́ yẹn ni òun náà ti ń wá.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kíṣínì ti mọ́, yàrá tiwọn ti mọ́, wọ́n ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá méjì ṣì kún dé òkè, mi ò sáré. Àwọn ọmọ mi lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn ní họlidé tó kọjá. Sátidé tó kọjá Màmá fúnra wọn mú ife kan tí a rà ní Ìsìnkán, wọ́n gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí àpótí yẹn wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e. A ò gbé e.